Mo ń ka Ìfẹnukonu Obìnrin Aláǹtakùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọkàn mi ò sì lélẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùnní Òǹkàwé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo gbé wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó kúrò ní Ìbàdàn ló gbé páálí ìwé kan fún mi. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ìtàn àròsọ Manuel Puig, ọmọ Ajẹntínà. *El beso de la mujer araña* ló sọ ọ́ lédè tiwọn, èmi ń pè é ní Ìfẹnukonu Obìnrin Aláǹtakùn. Ọdún 1976 ló jáde. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí Thomas Colchie tú, tó jáde ní 1979, ló wà lọ́wọ́ mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: àwọn méjì ló jọ wà nínú yàrá ẹ̀wọ̀n kan ní Buenos Aires. Ọ̀kan ni Molina, ẹni ọdún 37. Ọkùnrin ni, ọkùnrin ló ń fẹ́, obìnrin ló sì ń pe ara rẹ̀. Kí wọ́n tó mú un, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to ọjà sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kó lè wu oníbàárà. Ìkejì ni Valentín, ẹni ọdún 26, kọ́mréèdì tí ìjọba mú nítorí òṣèlú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Molina á máa ròyìn fíìmù tó ti wò fún un. Gbogbo ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn méjèèjì.

Ó dùn. Mi ò ní purọ́. Ibi tí mo ti ń ka ti obìnrin tó ń di àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀wà tí mo gbé kaná jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á, ó ń ṣe mí bí ẹni tó wẹ̀ taṣọtaṣọ: omi kàn mí, ara mi ò mọ́. Nígbà míì mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé sì gùn bí ìwàásù, Freud lókè, Freud nísàlẹ̀, dókítà tó ń tú èrò inú ènìyàn yẹn. Èyí tó wá mú mi dúró pátápátá ni ohun tí wọ́n kọ sí fáìlì Molina: ó ba ọmọdé jẹ́, ọdún 8 ni adájọ́ sì jù ú sí. Mo ti fẹ́ràn ẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Kí ni kí n ṣe sí ìfẹ́ yẹn?

Ẹ má bi mí bí mo ṣe ń kà á nínú bọ́ọ̀sì o. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni mo fi bo ẹ̀yìn ẹ̀, bí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kí n máa bá a lọ, àbí kí n wá ìtumọ̀ míì?

Bọ́dé Ẹlẹ́nu Dídùn

Ẹ kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀wà ná. Ṣé ẹ rí i jẹ?

Tíṣà Àgbà

Àdùnní, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì kan rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ran èmi àtàwọn ọmọ náà lọ́wọ́.

Ẹ mú pẹ́ńsù. Ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi M sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn Molina tó kọ́kọ́ yọjú, kí ẹ fi V sí ti Valentín. Puig kò kọ «ó ní», kò kọ «ó dá a lóhùn». Ìlà kékeré ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó parí. Bí ẹ bá sì rí ìlà tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn ju tóótòòtó mẹ́ta (…) lọ, ẹnì kan ló dákẹ́ yẹn. Ìdákẹ́ náà lọ́rọ̀ nínú. Ẹ má fò ó. Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí ohun ńlá ti ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì nínú òkùnkùn, àwọn tóótòòtó yẹn àti gbólóhùn kúkurú ni gbogbo ohun tí ẹ máa rí. Kò sí òǹkọ̀wé níbẹ̀ tó máa ṣàpèjúwe ẹnikẹ́ni fún yín.

Ní ti àlàyé ìsàlẹ̀, ẹ ka orí kan tán kí ẹ tó padà sí i. Puig náà mọ̀ pé ó ń dá yín dúró. Àbá mélòó kan ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú àlàyé yẹn kó jọ nípa ìdí tí ọkùnrin fi ń fẹ́ ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni Molina jókòó sórí ibùsùn lókè ojú ewé kan náà, ó ń sọ irú aṣọ tí òṣèré kan wọ̀. Èwo nínú méjèèjì ló sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ má fo èyí tó kẹ́yìn. Dókítà obìnrin kan láti Dẹ́nímáàkì, Anneli Taube, ni wọ́n ní ó sọ ọ́. Kò sí dókítà bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Puig ló dá a sílẹ̀, ohun tí òun fúnra ẹ̀ ń rò ló fi sí i lẹ́nu.

Nǹkan kan ṣì kù. Bí ọ̀rọ̀ ìṣáájú bá wà nínú ẹ̀dà yín, ẹ má kà á. Wọ́n máa ń sọ ìparí ìwé níbẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé ti kà á.

Ọmọ Kétu

Mo kí gbogbo ilé láti Kùtọnu. Àdùnní, mo rò pé mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fà á. Colchie kò jẹ̀bi.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé-ìwé níbí, ìtumọ̀ ti Faransé ni mo sì kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ndọ̀nù fi ti Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́. Ẹnu yà mí. Molina inú ìwé kejì dà bí ẹni tí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Ẹ wò ó. Ní èdè Sípéènì, bí ọkùnrin bá rẹ̀, á ní *cansado*, bí obìnrin bá rẹ̀, á ní *cansada*. Ìrù ọ̀rọ̀ náà ló ń sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Nígbà tí Molina bá fi ìrù obìnrin sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ̀, kò sí ẹni tó bi í, kò sì ṣàlàyé. Ó kàn jáde lẹ́nu ẹ̀ báyẹn bí èémí. Faransé ní ìrù bẹ́ẹ̀, ó kàn máa ń yí díẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì ti gé tiẹ̀ kúrò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, bí ó bá rẹ ọba tàbí olorì, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà, *loca*. Ìtumọ̀ ẹ̀ gan-an ni «obìnrin tí orí ẹ̀ dàrú». Òun náà ni wọ́n fi ń bú ọkùnrin tó ń ṣe bí obìnrin, àwọn yẹn sì ti gba èébú náà, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ tí wọ́n fi ń ṣeré láàárín ara wọn. Faransé ní *folle*, ìtumọ̀ kan náà, èébú kan náà, eré kan náà. Kò sí ohun tí ògbufọ̀ Faransé ń wá kiri. Gẹ̀ẹ́sì ní láti mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀.

Nítorí náà ìmọ̀ràn tèmi: bí Faransé bá wà lẹ́nu yín, bó tilẹ̀ ṣe ti ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Bí kò bá sí, ẹ máa bá ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ṣùgbọ́n níbi tí Molina bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ̀, ẹ fi ìrù náà sí i lọ́kàn yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè

Ọmọ Kétu, ẹ ṣé, ẹ sọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ ẹ̀yin ará, ṣé ẹ mọ̀ pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá gé ìrù, tiwa ò ní ìrù, kò tún ní orí?

Mo gbìyànjú láti tú ojú ewé àkọ́kọ́ sí Yorùbá ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan. Òógùn bò mí. Èdè Sípéènì bẹ̀rẹ̀ ìwé náà pẹ̀lú *A ella*, arọ́pò orúkọ obìnrin. Ká tó mọ ibi tí a wà, ká tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a ti gbọ́ «obìnrin». Gẹ̀ẹ́sì fi nǹkan àjèjì ṣíwájú, *she* wá tẹ̀lé e. Èmi kọ: «Ó hàn lójú ẹ̀ pé nǹkan kan ń bẹ lára ẹ̀, pé kì í ṣe obìnrin bíi tàwọn yòókù.» *Ó* náà, ta ni? Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ewúrẹ́ ni o. Molina tó fẹ́ kí gbogbo ayé pe òun ní obìnrin, inú Yorùbá ló yẹ kó ti sinmi, kò sẹ́ni tó máa pe é ní *he* láéláé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jà fún ti sọnù nìyẹn. Ẹni tí kò sẹ́ni tó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó wọlé?

Mo ronú títí. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun kan bà á lẹ́rù, ó kígbe pé «Ìkúnlẹ̀ abiyamọ o!» Mo dìde. Mo ti rí i. Ìrù ọ̀rọ̀ kọ́ ni tiwa, ara ni, àti irú igbe tó ń jáde lẹ́nu ẹni. Obìnrin kúnlẹ̀, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Bí Molina bá bẹ Valentín tó ní «mo kúnlẹ̀, má bínú», Yorùbá kan ò ní béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sí nínú Sípéènì pàápàá, a ní in.

Tíṣà Àgbà

Ó dára gan-an. Kí wọ́n má wá lò ó lójú ewé gbogbo o, kó má di alárìnjó.

Ọmọ Kétu

Akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù fún yín. Molina fi ọdún 11 ju Valentín. Ṣé «ẹ» ni Valentín máa máa pè é?

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè

Háà! Ibi tí mo ti dúró nìyẹn. *Vos* ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn nínú Sípéènì ti Ajẹntínà, bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Bí mo bá fi «ẹ» sí Valentín lẹ́nu, ìwé náà di ti àbúrò àti ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá fi «o» sí i, òǹkàwé wa á ní ọmọ yìí ò ní ẹ̀kọ́.

Bọ́dé Ẹlẹ́nu Dídùn

Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «ẹ», kó wá di «o» lóru ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà. A ò ní nílò àpèjúwe kankan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè

Bọ́dé, mo rò pé eré nìkan lẹ mọ̀ ṣe. Mo ti jí èyí gbé.

Ìyá Ṣadé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Èmi kì í ṣe ọmọ ìwé gíga, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì jẹ́ ìyá ìjọ. Kí ẹ má bàa ṣì mí gbọ́: mi ò fara mọ́ ọkùnrin sí ọkùnrin, ìgbàgbọ́ mi ò gbà á. Ọmọ mi obìnrin ló fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo ní kí n wo ohun tó ń kà, kí n lè bá a wí.

Mo ka dé ibi tí oúnjẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n ti da Valentín nínú rú. Inú ń run ún, ó ṣe é sára, ojú ń tì í. Molina ò pariwo. Ó bọ́ aṣọ ara ẹ̀, ó nù ún, ó fi aṣọ ibùsùn wé e kí òtútù má mú un, ó ní kó má dààmú. Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí i bí ẹni ń ṣètọ́jú ìkókó.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi kó tó kú. Ọgbọ́n inú ẹ̀ ni pé kí o má jẹ́ kí aláìsàn rí i lójú ẹ pé o gbọ́ òórùn. Mo ti tọ́jú aláìsàn tó pọ̀ níwọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mo sì mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó kọ ibẹ̀ yẹn ti ṣe é rí, tàbí kí ẹnì kan ti ṣe é fún un.

Mo pa ìwé náà dé. Mi ò tíì bá ọmọ mi wí.

Àdùnní Òǹkàwé

Màmá, ẹ kú ìrójú o. Mi ò ní gbàgbé ohun tí ẹ kọ yìí.

Aláìlórúkọ

Mi ò ní pẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2014 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin níyàwó ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn náà ni ìwé yìí bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Inú bí mi.

Ìwé tí mo lè fi han ará àdúgbò ni mò ń wá, pé ẹ wò ó, èèyàn gidi ni wá. Puig fún mi ní ẹni tó ń purọ́. Ó fẹ́ràn fíìmù kan tí àwọn Násì ṣe nítorí pé orin inú ẹ̀ dùn, tí akọrin inú ẹ̀ sì rẹwà. Valentín ní ìpolongo ìkà ni, Molina bú sẹ́kún. Ó tún ń ṣe ohun kan lẹ́yìn Valentín tí mi ò ní sọ, nítorí Àdùnní ò tíì débẹ̀. Mo ní ṣé irú ẹni tí wọ́n máa fi wá ṣojú fún wa nìyí?

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni mo tún un kà, tí mo rí i pé kò fi ṣojú fún ẹnikẹ́ni. Ní 1976 yẹn, oṣù kẹta ni àwọn sójà gba ìjọba ní Ajẹntínà, Puig sì ti sá kúrò nílé ṣáájú ìgbà yẹn nítorí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn. Barcelona ni ìwé náà ti jáde, wọ́n sì fòfin dè é nílé. Ẹni tó wà nínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ì bá kọ Molina bí áńgẹ́lì. Ó kọ ọ́ bí ẹni tí mo mọ̀.

Ní ti fáìlì ọlọ́pàá: mi ò ní gbèjà ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá ṣe é lóòótọ́, ibi ni. Ìwé náà ò tú ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn palẹ̀ fún wa. Ẹni tí Molina ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ṣáá fún Valentín ni Gabriel, agbáwo ilé oúnjẹ kan tó ti gbéyàwó. Ẹ ka ojú ewé náà bí ẹ ṣe ń ka fáìlì ìjọba èyíkéyìí, kí ẹ má gbàgbé ẹ̀, kí ẹ má sì pa ìwé dé nítorí ẹ̀. Èmi náà ò tíì rí ibi tí mo máa gbé e sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè, ẹ̀bẹ̀ kan. Bí ẹ bá ń tú u lọ, ẹ má lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń jù lù wá lọ́jà, èyí tó ń tọ́ka sí ìdí. Wọ́n ti gba *loca*, wọ́n fi ń ṣeré. A ò tíì gba tiwa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè

Mo gbọ́. Mo ti yọ ọ́ kúrò níbi méjì.

Àdùnní Òǹkàwé

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ṣe M àti V, ó yàtọ̀ gan-an. Mo wá rí i pé gbólóhùn kan tí mo ti rò pé Valentín ló sọ ọ́, Molina ni! Gbogbo èrò tí mo ní nípa ìjà ọjọ́ yẹn ti yí padà.

Ìbéèrè kékeré kan: ṣé kí n wo fíìmù ẹ̀ kí n tó parí?

Bọ́dé Ẹlẹ́nu Dídùn

Rárá o. Ti 1985, èyí tí Héctor Babenco ṣe, dára, William Hurt gba Oscar nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n sọ, ẹ tún máa rí ojú Molina, á wá di ojú òyìnbó yẹn nìkan ni ẹ ó máa rí títí ayé. Èyí tí Jennifer Lopez wà nínú ẹ̀, tó jáde ní 2025, orin àti ijó ni, torí eré orí ìtàgé Broadway ni wọ́n gbé e kà. Ẹ parí ìwé ná.

Tíṣà Àgbà

Mo fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì rí ẹnì kejì, ẹ ka orí kìíní sókè, ẹ pín in bí eré. Puig fúnra ẹ̀ sọ ìwé yìí di eré orí ìtàgé nígbà tó yá.

Àdùnní Òǹkàwé

Mo ṣe é lálẹ́ àná. Àbúrò mi ọkùnrin ló ka Valentín, iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni a lò. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ohùn sójà ṣe é. Nígbà tí a dé ibi tí obìnrin yẹn ti dúró níwájú àgò àmọ̀tẹ́kùn, ó dákẹ́. Mo dúró dè é títí. Mo ní ìwọ ló kàn, ó ní òun mọ̀.

Batiri fóònù kú níbẹ̀. Ó ní òun ò tíì fẹ́ sùn, kí n sọ èyí tó kù fún òun látorí.